Ìbéèrè Tí Dókítà Ọkàn Bi Wá

Òórùn gúgúrú tí wọ́n ta bọ́tà sí ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré ìdárayá yunifásítì yẹn, láàárín ìgboro Atlanta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ilẹ̀ onípákó tí wọ́n fi epo dán, tí ariwo bàtà àwọn ọmọ á sì máa dún fín-ín fín-ín lórí rẹ̀. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tẹ́lẹ̀, tí mo gbà pé eré àwọn tó kàn ṣáà ga ni, mo wá di ẹni tó ń pààrọ̀ shift níbi iṣẹ́ kí n lè jókòó sórí àga líle yẹn, kí n máa pariwo títí ohùn mi á fi há. Ọmọbìnrin àbúrò mi ló sọ mí di bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí, Lilburn ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Kò tíì parí middle school tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, tí àwọn ìyá ìjọ wa ń bi í pé kí ló ń jẹ nílé. Big Mummy ló ń pè mí, nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ tó bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ a máa gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Lórí pápá nìkan ni kò ti sẹ́ni tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó lò kẹ́yìn ní yunifásítì yẹn, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ eré lórí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ rẹ̀ mọ́ draft. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ìrọ̀lẹ́ kan lọ́dọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá, àwọn tí ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, máa ń jókòó tí wọ́n á máa yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ìpele àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọkàn balẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ yìí gan-an ni wọ́n ń fi ọmọ wa sí. Àbúrò mi, tó ń bá àwọn òbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ nínú ilé rẹ̀, á sáré wá síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lórí èjìká, á sì máa tẹ́tí sí àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń tiraka láti pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ní ṣé kò bí i nínú bí wọ́n ṣe ń ba orúkọ náà jẹ́. Ó ní, "Kí wọ́n ṣáà ti máa pè é, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu."

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ yí padà, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọmọ náà já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré láti òpin kan pápá dé òpin kejì, ó fò, ó sì jù ú sáwọ̀n bí ẹni ń gbé ife sórí tábìlì. Gbogbo wa dìde. Nígbà tó yẹ kó sáré padà lọ dènà, kò sáré. Ó dúró, ó na ọwọ́ kan síwájú bí ẹni tó ń wá ògiri nínú òkùnkùn, ó sì rọra kúnlẹ̀, ọwọ́ kejì lé àyà. Kí n tó wo ẹ̀gbẹ́ mi, àbúrò mi ti bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó ní òòyì ló kọ́ òun, pé ó ti lọ, pé òun fẹ́ padà sórí pápá. Coach rẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, dì í lápá mú, ó sì mú un jókòó. Ó ní bọ́ọ̀lù kò ní sá lọ.

Dókítà iléèwé yẹn yẹ ọkàn rẹ̀ wò, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì ní ògiri ọkàn náà nípọn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní nǹkan méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé eré tó ti ń sá láti kékeré ló mú kí ọkàn rẹ̀ dàgbà, bí apá alágbẹ̀dẹ ṣe máa ń tóbi, kò sì séwu nínú ìyẹn. Ó sì lè jẹ́ àrùn kan tó máa ń ti inú ìdílé wá, èyí tó máa ń mú ọ̀dọ́ eléré ìdárayá lọ lójijì láìsí àìsàn kankan ṣáájú. Wọn ò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́. Àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya á, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n máa ń ti èèyàn wọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n ń tì sínú ààrò. Kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n á fi mọ̀, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré gun àtẹ̀gùn.

Ibẹ̀ ni ìyà wa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní inṣọ́ránsì méjì: ọ̀kan láti ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń wa tírélà tí kì í sábà sí nílé, èkejì láti iléèwé. O máa rò pé ẹni tó ní méjì ti jẹ̀gbádùn. Àwọn ti bàbá ní kí àwọn ti iléèwé kọ́kọ́ dáhùn, àwọn ti iléèwé ní àwọn ti bàbá ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n wá jọ gbà pé ti bàbá ló ṣáájú, àwọn ti bàbá ní àwọn ti wo ọ̀rọ̀ náà, àyẹ̀wò yẹn kò pọn dandan. A tún pè wọ́n. Àbúrò mi á gbé fóònù sórí káńtà nínú kíṣìnì, á tan spíkà rẹ̀, á máa fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ, orin dùùrù kan náà á sì máa dún lọ títí ẹnì kan á fi gbé e. Ó pẹ́ débi pé àwọn ọmọ kéékèèké yẹn mọ orin náà. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lórí àga wọn, wọ́n ń kọ ọ́ lákọpọ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní Douglasville ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kídìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé mo mọ èdè àwọn èèyàn yìí. Ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo wakọ̀ la ọ̀nà márosẹ̀ 20 já, mo bọ́ sórí 285, mo dé Lilburn, mo gba fóònù náà lọ́wọ́ àbúrò mi pẹ̀lú ìgbéraga, mo sì sọ fún ọmọbìnrin tó gbé e pé nọ́ọ̀sì ni mo jẹ́, pé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní òun dúpẹ́ púpọ̀ fún iṣẹ́ tí mò ń ṣe fáráyé, ó sì dá mi padà sínú orin dùùrù. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín mọ́.

Draft sì ń sún mọ́lé. Àwọn tó ń fi orúkọ ọmọ wa sí ìpele àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àìlera kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ló ń ṣe é. Ọmọ náà kì í dá sí i. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nínú aṣọ ilé, á máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí eré bá sì parí, á bá wọn kó bọ́ọ̀lù jọ.

Kí a tó rí dókítà ọkàn gan-an, ó gba sùúrù. Èmi, àbúrò mi àti ọmọ náà la jọ lọ. Obìnrin kan tó ti hewú ni, tó wọ bàtà kànfáàsì, tó sì fa àga rẹ̀ mọ́ ti ọmọ náà kó tó sọ̀rọ̀. Ó bi í ní ìbéèrè púpọ̀: báwo ló ṣe ń sùn, ṣé ó ti dákú rí, ṣé àyà rẹ̀ máa ń já. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwa méjèèjì tó jẹ́ àgbà. Ó ní, ṣé ẹnì kankan wà nínú ìdílé yín tó kú lójijì nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́?

"Rárá." Ẹnu dókítà náà kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà tí àbúrò mi fi dáhùn.

Dókítà náà wò ó díẹ̀. Ó ní kó dá òun lójú ni òun ṣe béèrè, nítorí pé bí irú rẹ̀ bá wà, inṣọ́ránsì kò ní lè jiyàn lórí MRI mọ́. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá wà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọmọ yìí á le ju báyìí lọ. Àbúrò mi tún ní rárá. Ọmọ rẹ̀ ni, òun ló láṣẹ láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ọrùn mi gbóná bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀, níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn náà, àbúrò mi ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n kò yí i. Ó di sítíárì mú.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ń sọ ọ́ láìlanu. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí láé. Ẹgbẹ́ wo ló máa mú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣubú kú lórí pápá?"

A ti gbàgbé pé a ò dá wà. Láti ìjókòó ẹ̀yìn, ohùn kan ní, "Mummy, ta ló ṣubú?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ níbí. Àwa mẹ́ta ni Màmá wa bí ní Iléṣà. Ọkùnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àbúrò mi ló sì kẹ́yìn. Bọ̀dá wa ga, wọ́n sì mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gbá níléèwé wọn débi pé àwọn ọmọ àdúgbò máa ń bá wọn gbé bàtà. Mo wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ sùn, mo ṣì kéré, nígbà tí ìyàwó bàbá kékeré wá mú mi. Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n ti sin Bọ̀dá wa, Bàbá sì ti kó gbogbo fọ́tò wọn kúrò lára ògiri. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò ni pé Bọ̀dá wa ń sáré lórí pápá, wọ́n sì ṣubú. Ìyẹn nìkan ni. Nílé wa, a kì í dárúkọ wọn. Bí àlejò bá bi Màmá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, Bàbá ló máa ń dáhùn. Èmi àti àbúrò mi ti dàgbà, a ti kọjá òkun, a ti lọ́kọ, a ti bímọ, a ò sì jẹ́ béèrè. Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀?

A sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà nínú ọkọ̀ yẹn. Kò tilẹ̀ mọ̀ rí pé a ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ó tẹ̀ síwájú láàárín ìjókòó àwa méjèèjì, gígùn rẹ̀ yẹn ká nínú ọkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po.

"Mummy, kì í ṣe draft ni mo ń bẹ̀rù," ló wí. "Mo ń bẹ̀rù láti sùn. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé àyà mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Àbúrò mi gbé orí lé sítíárì. Ó ṣe díẹ̀ kó tó lè wakọ̀. Ọ̀rọ̀ draft tó ti gba ẹnu gbogbo wa kan láti ìgbà yẹn, ó dà bí ẹni pé ó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí a sì wakọ̀ lọ láìmú un.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó yí tábìlì kíṣìnì ká ní Lilburn. Àbúrò mi ti nu káńtà tó mọ́ tẹ́lẹ̀ títí mo fi gba tówẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀. A pe Màmá lórí WhatsApp. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, iwájú orí wọn nìkan la rí lójú fóònù, àti apá kan fáànù tó ń yí lórí àjà. Wọ́n kí wa, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè òtútù. A dá wọn lóhùn, a tún dá wọn lóhùn, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ló gba fóònù.

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ló pa uncle mi? Dókítà ń béèrè. Ó lè jẹ́ pé irú ẹ̀ ló ń ṣe àyà èmi náà."

Fáànù ń yí. Mo fẹ́ gba fóònù náà, kí n ní ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìgbà náà ni Màmá gbé fóònù kúrò lórí tábìlì, tí ojú wọn sì hàn délẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé àyà ló ṣe é?" ni wọ́n wí. "Inú ni. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló dá a dùbúlẹ̀. Mo ní kó má jáde, àmọ́ òun ni kápútéènì, wọ́n sì ń bá iléèwé kejì gbá lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbi ìdáná, ó gba ojú fèrèsé lọ."

Wọ́n ní òótọ́ ni pé ó ṣubú lórí pápá, ṣùgbọ́n kò kú síbẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ìjọba, wọ́n bá géètì ní títì, nítorí pé àwọn dókítà ń daṣẹ́ sílẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ níwájú géètì náà, orí ọmọ wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ìfun rẹ̀ ti lu. Wọ́n là á níbẹ̀, ó sì tún lo ọjọ́ díẹ̀ láyé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ó bá Màmá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun béèrè ayò mélòó ni wọ́n fi borí.

"Dókítà tó là á wá bá mi," ni Màmá wí, ohùn wọn kò sì gbọ̀n rárá. "Ó ní, 'Màmá, ọkàn ọmọ yìí lágbára o. Ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń bá a jà.' Èmi fetí mi gbọ́ ọ."

Àbúrò mi ń sunkún. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Bàbá yín ni kò fẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé bí mo bá ń dárúkọ rẹ̀, ìbànújẹ́ á gbé mi lọ. Mo máa ń pè é nínú balùwẹ̀, tí omi bá ń dà." Wọ́n ní kí ọmọ náà dìde dúró káwọn rí i. Ó dìde, mo sì gbé fóònù sẹ́yìn títí mo fi fara kan fíríìjì kó tó lè wọ inú àwòrán tán. Màmá wò ó. Wọ́n ní, "Bó ṣe ga gan-an nìyẹn." Wọ́n wá pe orúkọ Bọ̀dá wa, wọ́n pè é tán pátápátá, orúkọ àbísọ, orúkọ tí bàbá bàbá wa sọ wọ́n, àti oríkì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nìyẹn láti kékeré mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ fún wa bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọ iléèwé: "Ẹ lọ sọ ọ́ fún dókítà yín bí mo ṣe sọ ọ́. Bí àwọn tó ń dí yín lọ́wọ́ yẹn kò bá sì dá yín lóhùn, ẹ má kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn."

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò mi ti ilé ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ pa, ohun tí kì í ṣe, a sì padà sọ́dọ̀ dókítà ọkàn láìní àdéhùn láti rí i lọ́jọ́ yẹn. A sọ fún àwọn tó wà níwájú pé a máa dúró. A dúró. Nígbà tí dókítà náà jáde wá mu omi, ó rí wa, ó sì pè wá wọlé. Àbúrò mi ní òun fẹ́ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tí òun sọ níjọ́sí, ó sì rò ó fún un bí Màmá ṣe rò ó, títí kan ọ̀rọ̀ géètì tó wà ní títì. Obìnrin náà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọkàn, pé ẹrù ńlá kan ló kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà yẹn, ṣùgbọ́n òun ṣì gbọ́dọ̀ rí inú ọkàn ọmọ yìí kí òun tó lè sùn. Ó wá gbé fóònù, ó ní kí wọ́n fún òun ní dókítà tó ń ṣiṣẹ́ fún inṣọ́ránsì yẹn, kì í ṣe akọ̀wé, dókítà bíi tòun. Orin dùùrù yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní òun máa dúró. Nígbà tí ẹni náà gbé e, mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tí kò ní ohun mìíràn láti ṣe láyé. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá ó máa fẹ́ fọwọ́ sí i pé kí ọmọ yìí padà sórí pápá láìsí àyẹ̀wò. Ẹni náà kò fẹ́. Ó fọwọ́ sí MRI.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí èsì jáde. Mo ń so ẹ̀rọ mọ́ apá bàbá arúgbó kan nígbà tí fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Mo ní kí bàbá náà foríjì mí. Àbúrò mi ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń kígbe pé, "Big Mummy, it's clean! Kò sí nǹkan kan!" Ọkàn eléré ìdárayá ni. Kò sí àpá, kò sí àrùn ìdílé kankan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀ jọjọ lára rẹ̀, òun ló kọ́ ọ lóòyì lọ́jọ́ yẹn. Oògùn oníhóró àti oúnjẹ gidi ló máa wò ó. Kó lè dá wọn lójú pátápátá, wọ́n ní kó ṣì sinmi, nígbà tí wọ́n sì tún ya ọkàn náà lẹ́yìn ìsinmi, ògiri rẹ̀ ti fà padà. Bàbá tí mò ń tọ́jú bi mí pé ṣé ìròyìn ayọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní òun mọ̀ ọ́n lójú mi, kí n jọ̀ọ́ nu ojú náà kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ òun.

Ìsinmi yẹn ló jẹ èyí tó kù nínú sáà bọ́ọ̀lù náà, àti ìdíje ńlá tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń wò. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ draft dé, a pé jọ ní pálọ̀ àbúrò mi, àwa bíi mélòó kan. Bàbá ọmọ náà ti ojú ọ̀nà dé lọ́sàn-án, kò tíì bọ́ bàtà. Wọ́n pe ìpele àkọ́kọ́ tán. Wọ́n pe èkejì. A kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n pe ìpele ìkẹyìn dé òpin, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn jọ. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ fún àbúrò mi láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ìpele kejì. Mo yíjú sí i. Ó ti sùn. Ó ti sùn lọ fọnfọn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là, irú oorun tí mi ò tíì rí lójú rẹ̀ láti ọdún tuntun. Ọmọ náà dìde, ó dín ariwo tẹlifíṣọ̀n kù, ó sì fi aṣọ bo ìyá rẹ̀.

"Ẹ má jí Mummy," ló wí fún wa. Ó lọ sí kíṣìnì, ó bu ẹran díndín sínú àwo, ó dúró níbẹ̀, ó ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ kan pè é pé kó wá gbìyànjú lọ́dọ̀ àwọn. Ó lọ, wọ́n sì dá a padà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Tọ́kì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu lọ́nà mìíràn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ mìíràn níbí pè é, ibẹ̀ ló sì wà di ìsinsìnyí. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń ya sára pátákó ìpolówó. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń sùn dáadáa. Màmá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Bọ̀dá wa fún wa, èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé inṣọ́ránsì ló fìyà jẹ wá lásìkò yẹn, òótọ́ sì ni, ìyà tí kò yẹ kó jẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìdajì ẹrù tí a gbé wọ ọ́fíìsì dókítà yẹn, ilé wa ló ti wá. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa kí ọmọ náà tó ṣubú. A rò pé ikú wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, a sì ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni ń tọ́jú ohun ìní, nígbà tó jẹ́ pé ọmọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ le dáadáa ni a ní, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí géètì fún. Ìrọ̀rùn tí mo rí ní òwúrọ̀ Sátidé tí a pe Màmá ju ti ọjọ́ tí èsì jáde lọ, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún tán.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ náà ti yí padà. Bí aláìsàn tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wa, èmi ni mo sábà máa ń bi í léèrè nípa ìdílé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ti ní kò sí, mo ti kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Ní báyìí, bí ẹni náà bá yára dáhùn jù, mo máa ń fa àga, mo máa ń jókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí a bá ti jọ dákẹ́ díẹ̀, onítọ̀hún á wo ọwọ́ ara rẹ̀, á ní, "Ó dáa. Ẹnì kan wà."